Ọ̀rọ̀ Tí Ó Sọnù Sí Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìgbín

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi yẹn, kí ó gbé àpótí rẹ̀ bọ́ síta, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lè mọ́ ọn lójú. Mo mọ ìdí tí mo fi ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ kùn, kí ó kùn sókè, nítorí ọ̀rọ̀ abẹ́nu a máa bí mi nínú. Èmi tí mo pàdé iwin olórí mẹ́ta tí mo sì bi í pé èwo nínú orí rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ kí, n kò ní jókòó síhìn-ín kí ọmọ àná máa kùn sí mi.

Ọdẹ́sànmí ni orúkọ ọdẹ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ọ̀gá mi ni, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì sí irọ́ níbẹ̀ ju èyí tí ọdẹ gbọ́dọ̀ pa kí ẹran tó tóbi tó.

Ìbọn Ọdẹ́sànmí kì í ké bí ìbọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá yìn ín, ewé a máa já lára igi, aboyún a máa gbá àyà mú nílé. Ó fẹ́ràn ariwo ìbọn náà ju ẹran tó ń fi pa lọ. Ọjọ́ tí kò bá rí ẹran, a yìn ín sókè lásán kí igbó lè mọ̀ pé òun dé. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lójú òun. Kì í kúkú ṣe adití. Bí ewúrẹ́ bá ké lẹ́yìnkùlé, yóò gbọ́. Bí odó bá ń dún nílé kejì, yóò gbọ́. Ohùn ènìyàn náà ń wọlé sí i létí, ọ̀rọ̀ inú ohùn ni kì í bá a wọlé. Yóò gbọ́ bí ohùn náà ti ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìró wẹ́wẹ́ tí ń fi afẹ́fẹ́ gba àárín eyín kọjá á ti dànù lójú ọ̀nà. Fá àti ṣá di ọ̀kan náà fún un. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀ṣọ́ di ọ̀kan náà.

Ní ọjọ́ kan, Àṣàbí, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, pe onígbàjámọ̀ wá, ó ní kí ó bá òun fá bàbá òun lórí. Ọdẹ́sànmí gbọ́ pé kí ó bá òun ṣá bàbá òun lórí. Àgbàlagbà fò dìde, ó já àdá lára ògiri, onígbàjámọ̀ sì fi abẹ àti omi ọṣẹ sílẹ̀, ó gba ojú fèrèsé lọ. Gbogbo abúlé rẹ́rìn-ín, àfi Ọdẹ́sànmí. Ó ní àwọn ènìyàn ìwòyí ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kó iṣu gbígbóná sẹ́nu, pé nígbà èwe òun ẹnu àwọn ènìyàn là ju báyìí lọ. Ìrẹ̀ kan tún wà tí ń ké nínú iyàrá rẹ̀ láìsinmi. Ó fi ìgbálẹ̀ wá a, ó tú ẹní, ó tú àpótí aṣọ, kò rí i. Àwọn ará ilé ní àwọn kò gbọ́ ìrẹ̀ kankan, ó sì tún bínú sí wọn nítorí ìyẹn.

Àwàdà ni gbogbo èyí jẹ́ títí Súnmibárẹ́ fi dé. Àgbẹ̀ olóbì ni ọmọkùnrin yìí, abúlé òdìkejì odò ló ti wá, òun àti Àṣàbí sì ti fẹ́ra wọn débi pé ọmọ-ọwọ́ ló kù tí kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ibẹ̀ fún yín, nítorí orí àṣà yìí ni ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Ọkọ ìyàwó yóò dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá ìyàwó, yóò dojú kọ ilẹ̀, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó bá wá. Bàbá yóò tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí gbogbo ẹbí gbọ́. Ohun tí bàbá bá tún sọ ni wọ́n ń ṣe àṣẹ sí, òun ló sì ń bá tọkọtaya náà gbé. Ọkọ kò gbọdọ̀ gbójú sókè kí bàbá tó dáhùn.

Súnmibárẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, imú rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, “Bàbá, ìfẹ́ ni mo bá wá.”

Ọdẹ́sànmí gbọ́ ìṣẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ fi ẹnu yín sọ méjèèjì kí ẹ wò ó. Ohùn kan náà ni, ibi tí èkíní ti rẹlẹ̀ ni èkejì ti rẹlẹ̀, ibi tí ó ti gòkè náà ni. Afẹ́fẹ́ bíńtín tó wà láàárín nìkan ló ya olówó ìyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára alágbe. Inú bí Ọdẹ́sànmí, ó lọgun mọ́ gbogbo ẹbí pé ìṣẹ́ ni ọmọ yìí ní òun bá wá, pé ìṣẹ́ ló fẹ́ kó fún ọmọ òun. Ó ní kí wọ́n gbé ìbọn òun wá. Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹbí méjèèjì, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́.

Láṣebìkan, ẹ̀gbọ́n bàbá Súnmibárẹ́, ló kó ènìyàn rẹ̀ dìde. Ó ní ẹnu bàbá ìyàwó ti gbé ìṣẹ́ lé ọmọ àwọn lórí. Ó ní nígbà tí iṣu tuntun bá jáde àwọn yóò padà wá lẹ́ẹ̀kan péré. Ọmọ àwọn yóò sọ̀rọ̀, òun àti ọmọ náà nìkan ni yóò mọ ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ́ bàbá ní ìdáhùn. Bí Ọdẹ́sànmí bá gbọ́ ọ bó ti yẹ, kí wọ́n ṣe ìyàwó. Bí kò bá gbọ́ ọ, kí Àṣàbí wá ọkọ síbòmíràn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ọdẹ́sànmí ṣì ń ṣépè fún ọmọ aláìlójútì. Àṣàbí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sunkún, ó sì fa ọ̀rọ̀ náà gùn kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́.

“Bàbá, kì í ṣe Súnmibárẹ́ ló sọ ọ́. Etí yín ló sọ ọ́.”

Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Etí Ọdẹ́sànmí gbọ́ èyí, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó mú ọ̀nà Igbó Agbohùn pọ̀n, nítorí àwọn ọdẹ àtijọ́ máa ń sọ pé ibẹ̀ ni gbogbo ìró tó bá sọnù láyé ń bọ́ sí.

Igbó yìí kò jọ igbó kankan. Òkè méjì ló ká a mọ́, wọ́n tẹ̀ kòrókòró bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ bu omi mu, gbogbo ìró tó bá ń fẹ́ kọjá ni wọ́n ń gbá jọ, tí wọ́n ń dà sínú ihò kan láàárín àpáta. Ẹyẹ ẹ̀gà kan wà lẹ́nu ihò náà tó ń fi ọdẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní ìlú inú ihò yìí tí Ọdẹ́sànmí ń lọ, àwọn ẹyẹ náà ní irú rẹ̀, pé bí àdúgbò kan bá bàjẹ́ nínú tàwọn, yóò tún hù padà bí ewé. Ọdẹ́sànmí fi èyí sọ́kàn, ó sì wọ inú ihò lọ tayọ̀tayọ̀. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ara ihò ń sun oje kan tó yọ̀ bí epo, tó kíkorò, tó sì lẹ̀ bí ìda oyin. Eruku àti òkú èèrà ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ, ti òsì wọlẹ̀. Ó fa ti òsì yọ, bàtà dúró síbẹ̀. Ẹni tó dojú kọ ẹfọ̀n láìmira ló ń bá ìda jà yìí, ó bú u títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ.

Nígbà tó jàjà yọ, ó bá ilẹ̀kùn awọ kan pàdé, wọ́n fà á le gan-an, ó ń dán díẹ̀díẹ̀, kò ní àgbékọ́, kò ní kọ́kọ́rọ́. Ó kàn án, kò ṣí. Ó fi èjìká tì í, ó ta á padà sẹ́yìn. Ohùn kan tinú wá, ó ní ilẹ̀kùn yìí kì í ṣí fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, pé mímì ló ń mì, ohun tó bá sì fẹ́ wọlé kí ó sọ ara rẹ̀ di ìró. Ọdẹ́sànmí ní òun kò tíì rí ilé aláìláàánú báyìí. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìjálá lójú ogun. Ó ya ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá ẹfọ̀n, awọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì pẹ̀lú rẹ̀, ó ń wọnú, ó ń bọ́ síta, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà di ìró tí ó sì bá ìmìtìtì náà kọjá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá tíì di ìró rí, kí ó gbẹ́nu dákẹ́.

Àwọn arákùnrin mẹ́ta ló gbà á lẹ́yìn ilẹ̀kùn, egungun lásán ni wọ́n, wọ́n sì di ara wọn mú. Òòlù ni àgbà, apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ awọ náà. Owú, irin tí alágbẹ̀dẹ ń lu nǹkan lé, ni èkejì. Èyí àbúrò rí bí irin tí ẹlẹ́ṣin ń ti ẹsẹ̀ bọ̀, Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dí fèrèsé kékeré kan tí omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí awọ bá mì, Òòlù á mì. Á gbọn Owú. Owú á ti Ẹlẹ́sẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ á tẹ fèrèsé. Ọdẹ́sànmí bi wọ́n pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kékeré fi ń gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta bí ẹjọ́ ilẹ̀. Òòlù dá a lóhùn pé ṣé ó ti pe ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò rí, tí onítọ̀hún sì dáhùn. Ìró afẹ́fẹ́ kì í wọ omi, orí omi ló ń gbà padà. Nítorí náà ni àwọn ṣe ń kó gbogbo agbára awọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn sójú kan ṣoṣo, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ ṣe ohun tí ọmọ odó kò lè ṣe.

Kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọjá, wọ́n pa àlọ́ fún un: kí ló ń wọlé láìkàn ilẹ̀kùn, tí ń fọ́ ìkòkò tí kò fọwọ́ kàn? Ó ní ikú ni. Wọ́n ní rárá. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n ní rárá. Ó ní àna tó burú ni, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, ó ní òun kò wá pa àlọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo èjìká rẹ̀ níbi tí ìbọn wà. Ẹlẹ́sẹ̀ ní ìró ìbọn ni ìdáhùn àlọ́ náà, pé bí ariwo ńlá bá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn a máa fa okùn tó so àwọn mọ́ ògiri le kí ó má baà ba inú ilé jẹ́, ṣùgbọ́n kí àwọn tó fọwọ́ kan okùn ni ti ìbọn ti kọjá. Ọdẹ́sànmí ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìgbà yìí nìkan ni ìyẹn wúlò fún un.

Ẹlẹ́sẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò fún un, fèrèsé ni ó sì gbà bọ́ sínú ilé ìgbín. Mo ní ilé ìgbín, nítorí bí ìkarahun ni ó ṣe wé lọ, omi ló kún inú rẹ̀, ẹní tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì bá gbogbo wíwé rẹ̀ lọ láti ẹnu ọ̀nà títí dé góńgó. Lẹ́nu ọ̀nà ẹní náà tóóró, ó le. Bí ó ti ń lọ sínú ló ń fẹ̀ tí ó ń dẹ̀. Àwọn ènìyàn kéékèèké dúró lórí ẹní yìí lọ rẹrẹẹrẹ, irun wọn nà ṣánṣán. Ọdẹ́sànmí dúró, ó wo bí ìró ti ń ṣe. Odó kan dún lóde ayé, Ẹlẹ́sẹ̀ tẹ fèrèsé, omi sì rú. Ìrúkèrúdò náà kọjá lẹ́nu ọ̀nà láìgbé ẹní níbẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, ó di ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún kí ẹní tó fò sókè. Irun àwọn ará ibẹ̀ tẹ̀, wọ́n sì figbe ta, ìránṣẹ́ gba igbe náà lẹ́nu wọn, ó sáré gbé e lọ sí ààfin Ọba Orí. Ẹ̀fọn kan kùn lóde, ẹnu ọ̀nà níhìn-ín ni ẹní ti fò sókè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó figbe ta.

Nígbà náà ni ó wo àdúgbò ẹnu ọ̀nà dáadáa. Ilé ṣófo, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Irun àwọn tó ti gbé ibẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ bí koríko tí erin sùn lé. Ìyá àgbàlagbà kan nìkan ló jókòó síbẹ̀, Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ni orúkọ rẹ̀, kò sì dìde kí àlejò. Ọdẹ́sànmí sọ fún un pé òun wá gba fá òun àti ṣá òun àti gbogbo ìró wẹ́wẹ́ tó ti sọnù. Ìyá náà ní ibí ni wọ́n ń gbé, kí ó wo ilé wọn. Ó ní ìró gbogbo, ìbáà jẹ́ èyí tó ń lọ sí góńgó, ẹnu ọ̀nà àwọn ló kọ́kọ́ ń gbà, àwọn ló ń jẹ ìyà ẹni tí kò pè wọ́n. Ọjọ́ tí ìbọn bá dún, omi a fò dé òrùlé, irun a ṣẹ́.

Ọdẹ́sànmí ní kí ó gbìn wọ́n padà. Ìyá náà ní kò ṣeé gbìn. Ọdẹ ní ẹ̀gà sọ fún òun pé ó ń hù. Ìyá ní ẹyẹ ni Ẹlẹ́dàá fún ní ìyẹn, kò fún ènìyàn. Ọdẹ́sànmí gbaná jẹ. Ó ní irú ìlú ọ̀lẹ wo nìyí, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ ọba wọn, ó ní òun yóò yìnbọn sínú omi wọn bí wọn kò bá ṣe é. Ó gbọ́wọ́ lé ìbọn, ìyá náà sì fọwọ́ méjèèjì bo orí. Ìgbà yẹn gan-an ni Ọdẹ́sànmí gbọ́ ìrẹ̀. Ìrẹ̀ iyàrá rẹ̀ ni, ó ń ké láti apá ààfin bọ̀ sórí àwọn ilé òfìfo wọ̀nyẹn. Ó bèèrè pé báwo ni ìrẹ̀ ilé òun ṣe dé ibí.

“Ọba Orí ló ń kọrin sí ara rẹ̀ nítorí pé ìránṣẹ́ wa kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́,” ni ìyá náà wí. “Ìlú ta ni o rò pé o wà? Ilé rẹ nìyí, Ọdẹ́sànmí. Etí rẹ nìyí.”

Ọdẹ́sànmí jókòó sínú omi. Ó rántí gbogbo ọjọ́ tó yìnbọn sókè lásán. Inú tún bí i, kò sì mọ ẹni tí ì bá dojú ìbínú náà kọ. Ó wá bèèrè ohun tí òun yóò wí fún Àṣàbí. Ìyá náà sọ̀rọ̀ kan. Ọdẹ ní òun kò gbọ́. Ìyá tún un sọ. Ọdẹ ní ìṣẹ́ ló ń wí àbí kí ni? Ìyá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọdẹ sì tún mi orí, títí ìyá fi bínú dìde, ó gbá a mú ní àgbọ̀n, ó fa ojú rẹ̀ mọ́ ojú tirẹ̀ bí ẹni fẹ́ fún ọmọ ní àgbo. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, eyín òkè rẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀ lé ètè ìsàlẹ̀. Ó sọ èkejì, ètè rẹ̀ sì yọ síwájú, eyín kò kàn án. Ohùn kan náà, ẹnu méjì. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ni ìyá náà wí, kí ẹni tí etí rẹ̀ bá ti wó kọ́lé sójú.

Inú ọdẹ kò dùn rárá. Ṣé ìyẹn ni gbogbo ohun tí òun ti ìda bọ̀ wá gbà? Ó ní òun kì í ṣe ajá tí í máa wo ẹnu ẹni tó ń jẹun. Ó kẹ́yìn sí i láìdúpẹ́, ó padà sọ́dọ̀ àwọn arákùnrin mẹ́ta. Wọ́n fi ọ̀nà tóóró kan hàn án ní ìsàlẹ̀ yàrá wọn, èyí tó já sí ọ̀fun, tí kì í ṣí àfi bí ènìyàn bá gbé itọ́ mì. Ìbínú mú kí ó gbé itọ́ mì, ọ̀nà ṣí, ó sì bá ara rẹ̀ lẹ́bàá Igbó Agbohùn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, kò mú nǹkan kan bọ̀.

Iṣu tuntun jáde. Láṣebìkan kó ènìyàn rẹ̀ dé, ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó wá gbé ìyàwó. Àṣàbí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Súnmibárẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀, ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú erùpẹ̀. Ohùn náà rẹlẹ̀, ó gòkè. Ó lè jẹ́ èyí, ó lè jẹ́ ìyẹn. Ọdẹ́sànmí ní kí ó gbójú sókè. Láṣebìkan ní kò sí nínú àṣà, pé ṣé ó tún fẹ́ fi èyí dójú ti àwọn ni. Ọdẹ́sànmí ní kí ó tún un sọ. Ọmọkùnrin náà tún un sọ, ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ni ọdẹ sì rí.

Ó lè méfò. Gbogbo ilé ló ń retí kí ó méfò. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n lé bí olè lè yí ọ̀rọ̀ padà, ó sì mọ̀ pé bí òun bá tún gbé ìṣẹ́ lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kejì, Àṣàbí kò ní fi ilé yìí ṣe ilé mọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e sórí àpótí. Àgbà ọdẹ tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ọba rí kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tilẹ̀, ó sì na ara rẹ̀ tọ̀ọ̀rọ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú ọkọ ọmọ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Láṣebìkan gbàgbé láti ti ẹnu rẹ̀ dé.

“Tún un sọ, ọmọ mi,” ni Ọdẹ́sànmí wí.

Súnmibárẹ́ tún un sọ. Eyín òkè sọ̀kalẹ̀ lé ètè ìsàlẹ̀.

“Ìfẹ́ ni,” ni Ọdẹ́sànmí wí láti ilẹ̀ níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kan òrùlé. “Ẹbí mi, ìfẹ́ ni ó ní òun bá wá.”

Wọ́n ṣe àṣẹ. Láṣebìkan fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ fà á dìde. Àṣàbí kò dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí ó sọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ó yí wá síwájú, ó kúnlẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó gbé ojú sókè sí bàbá rẹ̀. Ètè rẹ̀ yọ síwájú díẹ̀: ẹ ṣé. Ọdẹ́sànmí kò gbọ́ ọ, kò sì tún gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó rí i.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Ìwọ tí o ń bèèrè nǹkan lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo rí i pé ẹnu rẹ ń mì. Wá síwájú, jókòó sínú oòrùn, kí o tún un sọ.